Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára gan-an fún gbogbo ará àdúgbò: ṣé ó wúlò ní tòótọ́, àbí a fẹ́ fi owó ṣòfò?

Akọ̀wé Àdúgbò (Ògbómọ̀ṣọ́) kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ibi tí kò jìnnà sí Ọjà Jagun. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n wà lókè òkun dá owó jọ ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n sì ní kí a fi fa íntánẹ́ẹ̀tì sí gbọ̀ngàn àdúgbò àti sí yàrá ìkàwé kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè máa lò ó láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo wa ni inú wa dùn, àfi ìgbà tí ó di pé kí a yan èyí tí a máa rà.

Agbaṣẹ́ṣe méjì ni ó mú ìwé iye owó wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun máa fa fáíbà (wáyà gíláàsì tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé, ìyára rẹ̀ á sì tó 1000 Mbps (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì), ṣùgbọ́n bí a bá gba tirẹ̀, owó náà kò ní kọjá ọdún kan kí ó tó tán. Ẹnì kejì ní 100 Mbps ni òun máa fún wa, òun á fi sólà àti bátìrì kún un, owó kan náà á sì gbé wa fún bí ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé wa ti pín sí méjì. Alága àwọn ọ̀dọ́ ní bí kì í bá ṣe 1000, kí a má wulẹ̀ ṣe é rárá. Bàbá akápò, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọn kò sì fẹ́ràn ariwo, gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì náà ń lé tí ó fi ní láti sáré tó bẹ́ẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo wọn ìyára tí ó wà lórí fóònù tèmi, 12 Mbps ni mo rí ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ mo ń fi í wo fídíò, mo ń fi í bá ọmọ mi tí ó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀ lójúkojú, n kò sì rí ohun tí mo fẹ́ ṣe tí kò ṣeé ṣe. Kí wá ni èèyàn fẹ́ fi 1000 ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí èmi ni n óò lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá.

Wáyà Abẹ́lẹ̀ (Ọ̀yọ́) dáhùn pé:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Fífa fáíbà ni mo fi ń jẹun láti bí ọdún mẹ́rìnlá, nítorí náà kò yẹ kí ẹ fura sí mi bí mo bá sọ pé ìbéèrè Bàbá akápò ni ó tọ̀nà jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Fún ẹnì kan ṣoṣo, 1000 Mbps fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò rárá. Fún èèyàn 200 tí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó wúlò gan-an. Fún gbọ̀ngàn tiyín, ó kù sọ́wọ́ àwọn nǹkan tí agbaṣẹ́ṣe yín kò tíì sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Bíìtì, ìyẹn ẹyọ dátà tí ó kéré jù, ni wọ́n fi ń ta íntánẹ́ẹ̀tì (Mbps kan jẹ́ mílíọ̀nù bíìtì kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), báìtì ni fóònù yín fi ń ka bí fáìlì ṣe tóbi tó, bíìtì 8 ni ó sì wà nínú báìtì 1. Nítorí náà, mẹ́gábáìtì 125 ni 1000 Mbps lè gbé wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù tí ó jẹ́ gígábáìtì 2 á gba ìṣẹ́jú-àáyá 16 lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, á gba ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀ lórí 20 Mbps, á sì gba wákàtí kan àti bí ìṣẹ́jú 7 lórí 4 Mbps. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ṣì ń fa odidi fíìmù wálẹ̀ kí ó tó wò ó? Ẹni tí ó ń wò ó bí ó ṣe ń wọlé kò lè lò ju ohun tí fíìmù náà ń jẹ lọ. Netflix fúnra rẹ̀ ní 5 Mbps tó fún àwòrán tí ó mọ́ dáadáa, 15 Mbps sì tó fún èyí tí wọ́n ń pè ní 4K. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2020 sí 2025 pàápàá, 25 Mbps ni ó fojú sùn fún àwọn ìlú ńlá, ó sì fi 10 Mbps sílẹ̀ fún ìgbèríko. Ẹ ò rí i pé 12 yín kò burú.

Ti ṣíṣí ojú ewé tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù, ìbéèrè yín ní láti rìn lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà tí ó máa dáhùn wà, tí ó lè jẹ́ òkè òkun, kí ìdáhùn sì rìn padà wá. Wáyà MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti Èkó lọ sí Pọ́túgà gùn tó 7,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú fáíbà sì ń rin bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ orí wáyà yẹn nìkan kò lè dín ní ìdá 70 nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú ewé kan ṣoṣo sì lè lọ kí ó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó ṣí tán. Bí ẹ bá ra 1000 Mbps dípò 20, Pọ́túgà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbú ọ̀nà ni wọ́n ń tà fún yín. Gígùn rẹ̀ wà bí ó ṣe wà.

Àwa tí à ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin kò nílò ẹni tí ó máa kọ́ wa ní èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ óò sáré lórí ọ̀nà alápá méjì láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ọ̀nà á fún, tìrélà á sì tò síwájú yín. Bí ọkọ̀ yín ṣe wù kí ó jẹ́ tuntun tó, eré tìrélà tí ó wà níwájú ni ẹ óò sá. Nínú gbọ̀ngàn yín, Wi-Fi ni ibi tí ọ̀nà ti fún yẹn. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹ́ríàlì kan ṣoṣo, ìgbì rédíò 2.4 GHz ni ó sì ń lò. Bí ó bá jẹ́ irú Wi-Fi tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni ó wà nínú rẹ̀, 72 Mbps ni òkè téńté tí òun àti ráútà (ẹ̀rọ tí ó ń pín Wi-Fi) lè jọ dé, bí ìdajì rẹ̀ ni ó sì máa ń di ìlò gidi. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo fóònù sì jọ ń lò: bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́, èyí tí ó bá wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn ògiri á sì máa fa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn, gbogbo ilé á máa dúró dè é. Ráútà kan ṣoṣo tí wọ́n gbé kọ́ àjà kò lè pín 1000 Mbps fún èèyàn 100 láéláé, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀.

Níbo wá ni ìyára ti wúlò? Níbi pípín ni. Bí èèyàn 60 bá jókòó sínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n ń fa nǹkan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ẹnì kan ń ka ohun tí ó ti wọlé, ẹnì kan ń tẹ̀wé, ẹnì kan ti sùn (mo ti rí i, ní yàrá ìkàwé tí a fa fáíbà sí). Bí 20 nínú wọn bá ń wo fídíò tí ó ń jẹ 3 Mbps, 60 Mbps nìyẹn, 40 Mbps tí ó ṣẹ́kù nínú 100 sì lè tó àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ èèyàn 300 ni ẹ ń retí, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ bi agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ léèrè: ṣé 1000 náà jẹ́ tiyín nìkan, àbí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn ni ẹ jọ máa pín in? Nínú irú fáíbà tí a sábà ń fà wọ ilé, tí wọ́n ń pè ní GPON, fọ́nrán kan tí ó ń gbé bí 2,500 Mbps ni a máa ń là sí ọ̀nà 32 tàbí 64. Kò sí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 1000 tí ó wà nínú ìwé iye owó àti 1000 tí ó dé ọwọ́ yín ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìyá Kafé (Under G) dáhùn pé:

Akọ̀wé, ẹ kú àṣàrò. Mo ti ń ṣe kafé ní Under G láti ìgbà tí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi láti ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, kí ó tó di pé fóònù gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn èèyàn ń bá wá sọ́dọ̀ mi: ọ̀rọ̀ JAMB, owó ilé-ìwé, ìwé ìwáṣẹ́, títẹ ìwé jáde, àti fífi fáìlì ránṣẹ́ sí olùkọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń jẹ 2 Mbps tán. Bí ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ bá ti ku ọ̀la, ìlà tèmi á máa sáré, ojú òpó ilé-ìwé ni kò ní ṣí, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà á sì dojú ìjà kọ mí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi kò dára.

Ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹnì kan lè jẹ oúnjẹ ilé tán. Ní ọjọ́ kan, ìlà 40 Mbps tí mo ní dúró gbagidi, mo pe ẹni tí ó ń tà á fún mi, mo bú u dáadáa. Àṣé ọmọkùnrin kan tí ó rọra jókòó sí kọ̀rọ̀ ni ó ń dáúnlóòdù eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tí ó tó gígábáìtì 50. Mo padà lọ tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ní kí wọ́n fi òté sí i, ẹnì kan kò lè gbà ju 5 Mbps lọ, kò sì sí ẹni tí ó tún ṣàròyé. Bí ẹ bá ra 1000 tí ẹ kò fi òté sí i, irú ọmọ yẹn mẹ́rin tí wọ́n bá gbé láptọ́ọ̀pù tí ó dára wá lè gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Mo rí i pé ẹnì kejì fi sólà kún tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, òdo Mbps ni gbogbo wa ń lò, ẹni tí ó ra 1000 àti ẹni tí ó ra 10.

Ọmọ Ajílété (New York) dáhùn pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ̀kà kí ẹ tó mùkọ yangan. Irú owó yìí ni àwa náà ń dá fún àdúgbò tiwa, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ní 2016, ìlú tí mo ń gbé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ilé tẹlifóònù àtijọ́ kúrò létí títì, wọ́n sì ń ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀ dípò wọn, tí wọ́n pè ní LinkNYC, tí ó ń fún èèyàn ní Wi-Fi ọ̀fẹ́ tí ìlà rẹ̀ tó 1000 Mbps. Lára òpó náà ni wọ́n ti fi ojú kọ̀ǹpútà kékeré sí tí èèyàn lè fi wo ohun tí ó bá wù ú. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá ìyẹn dúró, nítorí pé àwọn kan ń dúró tì í fún wákàtí púpọ̀ tí ẹlòmíràn kò sì ráyè débẹ̀. Wọ́n fi Wi-Fi sílẹ̀. Mo máa ń wọn ọ́n bí mo bá kọjá, ó sì máa ń yára ju ti ilé mi lọ. Ṣùgbọ́n kí ni mo fi ń ṣe? Mo máa ń fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp, mo sì máa bá tèmi lọ, torí pé kò sí ẹni tí ó máa dúró sínú òtútù etí títì kí ó máa wo fíìmù. Ìyára wà níbẹ̀, ìjókòó ni kò sí. Ẹ̀yin ní gbọ̀ngàn, ẹ ní àga, ẹ ní òrùlé, ìyẹn nìkan ti sọ íntánẹ́ẹ̀tì yín di ohun tí ó máa wúlò ju òpó yẹn lọ, iyekíye tí ẹ bá rà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé 1000 kò ṣe ìlú kankan lóore rí, irọ́ ni. Ní Chattanooga, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ilé-iṣẹ́ iná tí ó jẹ́ ti ìlú náà ló fa fáíbà káàkiri, tí wọ́n sì ń ta 1000 Mbps fún ará ìlú láti 2010. Wọ́n fi fáíbà yẹn kan náà so àwọn ẹ̀rọ orí òpó iná pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí igi bá wó lu wáyà, iná á gba ọ̀nà mìíràn fúnra rẹ̀. Ẹ rò ó wò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Alága Ọ̀dọ́ dáhùn pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi ni alága ọ̀dọ́ tí Akọ̀wé ń sọ, ẹ má sì bínú bí mo bá sọ tèmi. Gbogbo yín ń fi ohun tí èèyàn ń ṣe lónìí ṣe ìṣirò ohun tí ó yẹ kí ó ní. Nígbà tí 4G kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ta ni ó mọ̀ pé ìyá tí ó ń ta aṣọ á máa gbé fóònù ró nínú ṣọ́ọ̀bù, tí á máa polówó ọjà lójúkojú fún oníbàárà tí ó wà ní Àbújá? Ìyára ni ó kọ́kọ́ dé kí ìlò tó tẹ̀lé e.

Èkejì, ohun tí a fẹ́ ṣe nínú gbọ̀ngàn náà ju JAMB lọ. A fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́ 40 ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun èlò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fà wálẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ lè tó gígábáìtì 5. Mo ṣírò rẹ̀: ti ẹni 40 jẹ́ gígábáìtì 200, lórí 100 Mbps, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 27 ni, láìka ẹni tí ó ń wo fídíò, lórí 1000, kò tó ìṣẹ́jú 27. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan gbáko. Ọmọ olówó ní tirẹ̀ nílé. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá kan ti mẹ̀kúnnù ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n pẹ̀lú ṣíbí?

Onífọ́tò Egungun dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kàn ń wọlé ni, kì í jáde. Iṣẹ́ mi ni yíya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn. Àwòrán CT ti aláìsàn kan ṣoṣo lè tó mẹ́gábáìtì 500, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà sì lè wà ní Ìbàdàn tàbí ní ibi tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ìlà wa ń mú nǹkan wọlé kíákíá, ṣùgbọ́n 2 Mbps péré ni ó lè gbé jáde, nítorí náà àwòrán ẹnì kan ń gba ìṣẹ́jú 33, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gbọ̀n, a óò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní òru ọjọ́ kan, a gbé ọkùnrin kan tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà wọlé, orí ni ó fi gbalẹ̀. A gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí àwòrán náà tó lọ. Ọkùnrin náà yè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí a ṣe dúró ti ojú kọ̀ǹpútà yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ìlà náà sí èyí tí ó ń gbé 50 Mbps jáde, ìṣẹ́jú-àáyá 80 ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gbà.

Ẹ bi àwọn agbaṣẹ́ṣe méjèèjì léèrè iye tí ìlà wọn ń gbé jáde. Ọmọ tí ó ń ya fídíò, aránṣọ tí ó ń gbé àwòrán sórí Facebook, ẹni tí ó ń bá àjèjì ṣiṣẹ́ láti ilé, ibẹ̀ ni bàtà ti máa ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Wáyà Abẹ́lẹ̀ dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Onífọ́tò Egungun dùn mọ́ mi, torí pé èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́, tí mo sì gbàgbé.

Alága Ọ̀dọ́, ìṣirò rẹ pé, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó báyìí: ohun èlò kan náà ni ẹ̀yin 40 fẹ́ fà wálẹ̀. Kí ló dé tí ẹ óò fi rán ènìyàn 40 lọ sí odò láti lọ pọn omi tí ó yẹ kí ó wà nínú àmù ilé? Ẹ ra kọ̀ǹpútà kan tí ó ní àyè ìpamọ́ tí ó pọ̀, ẹ gbé e sínú gbọ̀ngàn, kí ó fa gígábáìtì 5 náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí 100 Mbps, kò tó ìṣẹ́jú 7. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn láptọ́ọ̀pù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí wáyà. Wáyà bàbà lásán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Cat5e, ń gbé 1000 Mbps dé ọgọ́rùn-ún mítà, a kì í sì í san owó oṣù lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 27 rẹ yẹn ni ẹ óò lò nínú ilé, pẹ̀lú 7 àkọ́kọ́, láìra 1000 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun mìíràn tún wà: ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Kiwix, tí èèyàn lè fi tọ́jú odidi Wikipedia lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tó bíi gígábáìtì 100, sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, àwọn ọmọ ilé-ìwé á ṣì máa rí nǹkan kà.

Íntánẹ́ẹ̀tì á sì já. Ní 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, MainOne wà lára wọn, gbogbo wa ni a sì rí i ní Nàìjíríà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú owó, mo máa ní kí ẹ fi ra ìlà kejì kékeré, kódà kí ó jẹ́ ti sátẹ́láìtì. Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní 2023, bíi 550 kìlómítà sí ilẹ̀ ni ó sì ń fò; ti àtijọ́ tí ó wà ní 35,786 kìlómítà, kí èèyàn tó gbọ́ "ẹ ń lẹ́" ẹnì kejì, òun náà á ti tún un sọ.

Ní ti pé ìyára ni ó ń ṣáájú ìlò, òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ má fa fáíbà. Fọ́nrán gíláàsì tí ó máa gbé 100 kan náà ni ó máa gbé 1000. Ohun tí ó wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì àti owó oṣù ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fa fáíbà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé nígbàkigbà tí ẹ bá béèrè, wọ́n á gbé e sókè láìtún ilẹ̀ gbẹ́. Ẹ má gbàgbé Google Station. Oṣù keje 2018 ni Google gbé Wi-Fi ọ̀fẹ́ yẹn dé Èkó, ibi 200 ní ìlú márùn-ún ni wọ́n ní àwọn máa dé, ó sì yára dáadáa. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n ní àwọn ń pa á tì káàkiri ayé, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé dátà orí fóònù ti rọjú, ó sì ti kárí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyára kọ́ ni ó pa á. Ẹni tí ó máa san owó lọ́dún kejì àti ọdún kẹta ni ìṣòro irú nǹkan báyìí.

Akọ̀wé Àdúgbò kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo sì kà á fún Bàbá akápò lána. Nígbà tí mo dé ibi Pọ́túgà, wọ́n ní kí n tún un kà. Ibi tí ó wọ̀ wọ́n lọ́kàn jù ni ti àmù ilé, wọ́n ní èyí yé àwọn ju gbogbo Mbps lọ. A ti kọ ìwé tuntun sí agbaṣẹ́ṣe méjèèjì pé kí wọ́n mú iye owó wá lórí nǹkan kan náà: fáíbà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 100 tí ó ṣeé gbé sókè, iye tí ó ń gbé jáde kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ Wi-Fi mẹ́rin dípò ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ìpamọ́, àti sólà tí ó máa gbé e láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ di agogo mẹ́jọ alẹ́. Ìyá Kafé, mo fẹ́ bẹ̀ yín: ṣé ẹ lè wá fi bí wọ́n ṣe ń fi òté sí i hàn wá? N kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe nìkan ni ó máa mọ̀ ọ́n ṣe.

Alága Ọ̀dọ́ dáhùn pé:

Mo gbà, bí kọ̀ǹpútà ìpamọ́ bá lè dé kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Wáyà inú ilé, àwa ọ̀dọ́ á fà á fúnra wa.

Ìyá Kafé dáhùn pé:

Ọjọ́rú ni mo máa ń ráyè, lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ aṣínà (páásíwọ́ọ̀dù) ráútà dání nínú ìwé tí ó buwọ́ lù, kí Bàbá akápò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí owó. Mo ti rí gbọ̀ngàn kan tí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ kó lọ máa gbé ní Àbújá, tí ó sì gbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ nínú orí rẹ̀.